Kí Ni Tẹ̀tẹ̀ Yẹn Ń Jẹ?

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, pé ṣé ilẹ̀ tó burú lè hu ẹ̀fọ́ tó dára, ohun tó sì mú un burú ni pé mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní Ìbàdàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá fún mi ní irú ìdáhùn tí mo fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́jọ́ náà nínú ìdánwò, òdo ni n bá fún un, nítorí ìwé òfìfo ni n bá rí. Mo dákẹ́, mo bu iyán, mo sì tì í bọ ọbẹ̀.

Ẹsẹ̀ òkìtì

Ìlú ìyá mi kò jìnnà sí Iléṣà, ẹni tó bá sì mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí ojú ilẹ̀ náà ti rí nítorí wúrà. N kò ní tún ìtàn Ìtàgúnmódì sọ níbí, n kò sì ní sọ̀rọ̀ lórí omi Ọ̀ṣun tó ti ń pọ́n bí omi amọ̀ kó tó dé Òṣogbo. Ohun tí mo fẹ́ sọ kéré ju ìyẹn lọ. Òkìtì kan ni, lẹ́yìn ọgbà ẹ̀gbọ́n ìyá mi, níbi tí àwọn kan ti wá gbẹ́ kòtò, tí wọ́n fọ́ òkúta, tí wọ́n fi omi ṣan iyẹ̀pẹ̀, tí wọ́n kó ohun tí wọ́n wá mú, tí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún onílẹ̀. Wọ́n san owó díẹ̀. Wọn kò dí kòtò.

Àwọ̀ eérú ni iyẹ̀pẹ̀ òkìtì náà ní, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fún òjò méjì gbáko, ó wà níbẹ̀ bí orí apárí, koríko kan kò hù lórí rẹ̀. Ní òjò kẹta, ewé Akíntọ́lá yọjú létí rẹ̀. (Àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, kí olúkúlùkù lọ bi baba rẹ̀ léèrè ẹgbẹ́ tó ṣe.) Lẹ́yìn náà ni tẹ̀tẹ̀ hù ní ẹsẹ̀ òkìtì, níbi tí àgbàrá ti ń kó iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe tẹ̀tẹ̀ tó ń ráre. Ó tutù, igi rẹ̀ ki, ewé rẹ̀ sì fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà.

Nínú oṣù Òkúdù tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, tí mo ń pè ní Màmá. Bí wọ́n ti gbọ́ pé ebi ń pa mí ni wọ́n rán ọmọbìnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn pé kó lọ ṣa ẹ̀fọ́ wá. Mo tẹ̀ lé ọmọ náà kí n lè na ẹsẹ̀ mi lẹ́yìn ìrìn-àjò, mo sì rí ibi tó tẹ̀ ba sí. Ó ń ṣa tẹ̀tẹ̀ náà sínú abọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì wọnú iyẹ̀pẹ̀ aláwọ̀ eérú yẹn dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ń kọrin.

Nígbà tí oúnjẹ dé iwájú mi, mo bi Màmá bóyá ibi òkìtì ni wọ́n ti máa ń ṣa ẹ̀fọ́. Wọ́n ní ibẹ̀ ni, pé láti ọdún tó kọjá ni wọn kò ti ra ẹ̀fọ́ lọ́jà mọ́, nítorí pé kẹ́míkà ni àwọn ará ọjà fi ń hu tiwọn, ṣùgbọ́n èyí, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló gbìn ín. Mo ní, "Ilẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́, Màmá? Gbogbo ohun tí wọ́n fọ̀ síbẹ̀ yẹn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ tó bá burú, ṣé ó lè hu ẹ̀fọ́ tó dára báyìí? Ìwọ tó o jẹ́ tíṣà."

Wọn kò sọ ọ́ láti fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ń retí ohun tí n ó sọ, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn kí n máa ṣàlàyé nǹkan fún wọn. Ọmọbìnrin náà ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀. Mo wo ọbẹ̀ náà, mo wo ọwọ́ Màmá tí iyán ṣì lẹ̀ mọ́, mo sì jẹun. Mo jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n bù sí i, mo ní ó ti tó, wọ́n sì rò pé ìtìjú ará ìlú ńlá ni.

Ìdí tí ẹnu mi fi wúwo

Mo ti dá ara mi lẹ́bi pẹ̀lú àwọn ìdí tó rọrùn: pé a kì í kọ oúnjẹ àgbà, pé wọ́n ti gún iyán kí n tó sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà lẹ́yìn wọn tó le ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Ọgbọ́n àgbẹ̀ ni, ọgbọ́n tó ti bọ́ ìran wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Baba wọn kò ní ẹ̀rọ kankan tó fi ń yẹ ilẹ̀ wò. Ohun tó hù sórí ilẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Bí koríko ibì kan bá ti yí padà, wọ́n á mọ̀ pé ó tó àkókò láti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó sinmi. Bí igbó ibòmíràn bá ti dì, wọ́n á mọ̀ pé iṣu yóò ta níbẹ̀. Ewé ni ẹlẹ́rìí ilẹ̀, a kò sì ní ẹlẹ́rìí mìíràn. Láti sọ fún Màmá pé irọ́ ni ẹ̀fọ́ náà ń pa dà bí ẹni ń sọ fún wọn pé irọ́ ni baba wọn pa.

Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn tí mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa, mo rí i pé irọ́ kọ́ ni tẹ̀tẹ̀ ń pa. Àwa ni a kò bi í ní ìbéèrè tó yẹ.

Òdòdó tó mọ ibi tí bàbà wà

Ní agbègbè Katanga lórílẹ̀-èdè Kóńgò, àwọn òkè kan wà tí igi ńlá kì í hù sí, tí ewéko kéékèèké sì bò wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ewéko náà ni wọ́n ń pè ní òdòdó bàbà. Haumaniastrum katangense ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ẹbí kan náà sì ni òun àti ẹfínrín tiwa. Ilẹ̀ tí bàbà ti pọ̀ débi pé yóò pa ewéko mìíràn, ibẹ̀ ló ti máa ń gbilẹ̀. Àwọn awakùsà máa ń fi í wá bàbà. Ó tún máa ń hù níbi tí àwọn baba ńlá àwọn ará ibẹ̀ ti yọ́ bàbà láyé àtijọ́, tó fi jẹ́ pé àwọn awalẹ̀pìtàn náà ń tẹ̀ lé e lọ sí ibi ìléru tó ti wó tipẹ́. Ní ààlà Bẹ́ljíọ́mù àti Jámánì, irú òdòdó kan tó pupa rúsúrúsú, Viola calaminaria, ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ lórí ilẹ̀ tí síǹkì wà.

Nítorí náà Màmá tọ̀nà pé ewé ń jẹ́rìí ilẹ̀. Àgbẹ̀ Katanga tó bá rí òdòdó bàbà lórí ilẹ̀ kan mọ òótọ́ nípa ilẹ̀ náà. Àmọ́ òótọ́ tí òdòdó náà ń sọ ni pé, "Mo lè gbé níbí." Kò sọ pé, "Ẹ̀yin náà ẹ wá jẹun níbí."

Koríko Wales

Ìtàn tó ṣí mi lójú jù lọ wá láti ilẹ̀ Wales, ní Britain. Ìwakùsà òjé, síǹkì àti bàbà pọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí iṣẹ́ náà sì parí, òkìtì tí wọ́n fi sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn ọgbà Màmá, àfi pé ó tóbi jù ú lọ lọ́nà púpọ̀. Ní 1952, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Anthony Bradshaw gbé ìwé jáde nípa koríko kan tí wọ́n ń pè ní Agrostis, tó ń hù lórí irú òkìtì bẹ́ẹ̀. Koríko lásán ni, irú èyí tí àgùntàn ń jẹ ní gbogbo pápá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú koríko pápá tí wọ́n gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀ olójé, gbòǹgbò rẹ̀ kò gùn. Nígbà tí wọ́n gbin ti orí òkìtì, gbòǹgbò tirẹ̀ wọlẹ̀ ṣinṣin. Ìṣísẹ̀ mélòó kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì nínú oko, síbẹ̀ wọ́n ti di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ní idán nínú. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró irúgbìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ́ sórí òkìtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń kú. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n bí ìfaradà mọ́ kò kú, àwọn ló bímọ, ọmọ wọn ló sì bo òkìtì náà nígbẹ̀yìn. Nígbà tí mo ń ka èyí, ọkàn mi padà sí òjò méjì tí òkìtì Màmá fi wà bí orí apárí. A rò pé ilẹ̀ ló ń sinmi, tó ń wẹ ara rẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀, tó fi di pé ó gba ewé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ kò yí padà rárá, kó jẹ́ pé ewé ló yí padà. Òjé kì í jẹrà bí ewé tàbí ìgbẹ́ ẹran. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún, òjé náà ni yóò máa jẹ́.

Àwọn onímọ̀ lo ọgbọ́n náà. Wọ́n yan irúgbìn láti ara àwọn koríko tó ń farada wọ̀nyí, wọ́n sì tà á lọ́jà: Goginan àti Parys jẹ́ Agrostis, Merlin sì jẹ́ koríko mìíràn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni pé kó di òkìtì mú, kí atẹ́gùn má baà gbé eruku rẹ̀ lọ sínú ilé, kí àgbàrá má baà kó o lọ sódò. Kò sẹ́ni tó ní kó wẹ ilẹ̀ mọ́. Gbòǹgbò irú koríko bẹ́ẹ̀ máa ń há ohun búburú mọ́ ìsàlẹ̀, kì í jẹ́ kó gòkè lọ sínú ewé tó pọ̀. Aṣọ ni wọ́n fi bo egbò. Egbò wà lábẹ́ aṣọ.

Mogbọ́-moyà inú gbòǹgbò

Gbogbo ewé kọ́ ló ń há ohun búburú mọ́ ìsàlẹ̀. Àwọn kan ń gbé e gòkè, ibi tí ọ̀rọ̀ tẹ̀tẹ̀ ti kàn wá gan-an nìyí.

Ewéko kò ní ojú tó fi ń ṣa oúnjẹ. Gbòǹgbò ní ẹnu ọ̀nà kéékèèké, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ń wo ìmúra ẹni tó ń bọ̀. Ásẹ́níìkì, májèlé kan tó sábà máa ń bá wúrà gbé inú òkúta kan náà, máa ń múra bíi fọ́sífétì, fọ́sífétì sì jẹ́ oúnjẹ tí ewéko kò lè ṣe aláìní. Kádíọ́mù, mẹ́táàlì olóró kan, ń múra bíi síǹkì tí ewéko náà nílò. Ẹ ti rí mogbọ́-moyà tó lọ ra aṣọ ẹbí níbi tí ẹbí ti rà á: onílẹ̀kùn á kí i káàbọ̀, wọ́n á sì gbé àwo oúnjẹ síwájú rẹ̀. Bí kádíọ́mù ṣe ń wọnú ẹ̀fọ́ nìyẹn, ewé ẹ̀fọ́ sì máa ń gbà á ju èso lọ. Òjé kì í tètè gòkè báyìí, gbòǹgbò ló máa ń dá a dúró jù. Ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ máa ń bà lé ewé, omi òjò sì máa ń ta ẹrẹ̀ rẹ̀ sára tẹ̀tẹ̀ tó kúrú. Eléyìí, a lè fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Èyí tó ti wọnú ewé, kò sí omi iyọ̀ tó lè fọ̀ ọ́.

Àwọn ewéko kan tilẹ̀ wà tó jọ pé ìfẹ́ mẹ́táàlì ló ń pa wọ́n. Ní New Caledonia, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, igi kan wà tí oje rẹ̀ jáde ní àwọ̀ búlúù tó dàpọ̀ mọ́ ti ewé, nítorí níkẹ̀lì tó kún inú rẹ̀. Bí oje náà bá gbẹ, níkẹ̀lì lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ní Florida, ní 2001, wọ́n kéde irú ìmù kan, Pteris vittata, tó ń fa ásẹ́níìkì láti inú ilẹ̀ lọ sínú ewé rẹ̀ láìkú. Irú ewéko bẹ́ẹ̀ tí a ti mọ̀ káàkiri ayé ti lé ní 700, níkẹ̀lì sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń kó jọ. Inú yàrá kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì ewé ni wọ́n ń kó o sí, kó má baà ba ìyókù ara jẹ́, bí ẹni kó oògùn eku sínú àpótí tó sì tì í pa. Ẹni tó bá jẹ ewé náà ló ṣí àpótí.

Àwa Yorùbá máa ń gbàdúrà pé kí ewé ó jẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. N kò ronú rí nípa ohun tí ewé fúnra rẹ̀ ń jẹ.

"Ẹ gbin nǹkan síbẹ̀ kó fà á mu"

Ojúgbà mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n má dààmú, pé ó ti kà á pé ewéko ń wẹ ilẹ̀ mọ́, pé kí Màmá máa gbin jogbo sórí òkìtì náà, kó fa májèlé mu. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, mo sì rí i pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ gbọ́, nítorí pé kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí ewé fa májèlé mu gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò gé ewé náà, ibi tí wọn yóò gbé e lọ, ẹni tí yóò sun ún àti ibi tí wọn yóò da eérú rẹ̀ sí. Bí ewé náà bá rẹ̀ dànù tó sì jẹrà síbẹ̀, ohun tó fà láti ìsàlẹ̀ ni yóò tún tẹ́ sí òkè. Ọdún púpọ̀ ni iṣẹ́ náà sì ń gbà. Ní ti òjé, kò tíì sí ewéko kan tó ń fà á tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè gbọ́kàn lé e.

Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni mò ń ṣe, kó rántí Zamfara. Ní 2010, ní Yargalma, Dareta àti àwọn abúlé mìíràn, ó lé ní 400 ọmọdé tí májèlé òjé pa, nítorí pé òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ ní òjé, inú ilé ni wọ́n sì ti ń lọ̀ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀fọ́ ló pa wọ́n. Eruku ni, èyí tó bà lé ilẹ̀ tí ọmọdé ń rákò lórí rẹ̀. Wọn kò gbin nǹkan kan síbẹ̀ láti wò ó sàn. Ńṣe ni wọ́n ha ilẹ̀ náà kúrò, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ níbòmíràn, wọ́n sì kó iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ dípò rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé òjé tí ọmọdé bá gbé mì máa ń wọ ara rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Nígbà tí mo ka ìlà yẹn, ọmọbìnrin tó ń kọrin nínú iyẹ̀pẹ̀ aláwọ̀ eérú ni mo rí, pẹ̀lú abọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo ti gbé òwe yìí yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, kò bá ọ̀rọ̀ òkìtì mu. Ẹni tó da eérú yìí ti gbé wúrà rẹ̀ lọ, a kò sì mọ ojú ọ̀nà tó gbà. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀fọ́ ni eérú ń tọ̀.

Ìpè kan ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe Màmá. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ kọ́ kíláàsì, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí Wales. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ni mo ń sọ gan-an. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ rántí pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ewé á di ọṣẹ?"

Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ lára rẹ̀, àbí?"

Mo sọ fún wọn pé ojú kò lè sọ ohun tó wà nínú òkìtì yẹn, pé ẹ̀rọ ló lè sọ ọ́, pé n ó wá bu iyẹ̀pẹ̀ àti ẹ̀fọ́ náà lọ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ nǹkan kan níbẹ̀ kí n tó dé. Mo ní kí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ láti òkè oko, níbi tí àgbàrá òkìtì kò lè dé, sínú àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, kí wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ sínú rẹ̀ níwájú ilé. Mo ní kí wọ́n fi Akíntọ́lá sílẹ̀ kó bo ibẹ̀, kí wọ́n má ṣe ro ó. Wọ́n bi mí léèrè ẹni tí yóò wá kó òkìtì náà kúrò. Mo ní n kò tíì rí i. Wọ́n tún bi mí ìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo wá, pé kí ló dé tí mo jókòó jẹ ẹ́ pẹ̀lú wọn. Ìyẹn náà, n kò rí ìdáhùn fún.

Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin náà fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Màmá ti ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ yí ẹsẹ̀ òkìtì ká, wọ́n sì so àálè mọ́ wọn: ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, àjákù bàtà. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sábà máa ń wá ṣa tẹ̀tẹ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́, Màmá sì mọ̀ pé wọn kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kádíọ́mù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àálè. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ará ilé kejì ti wá bínú, ó ní látìgbà wo ni Màmá ti di ahun tó ń fi àálè dí ẹ̀fọ́ tí kò gbìn. Mo bi í ohun tí Màmá sọ. Ó ní wọ́n fún obìnrin náà ní ẹ̀fọ́ ọjà kan, wọ́n sì ní kó jókòó.